Ẹ Bi Màmá Onísinimá: Ẹ̀yìn Aṣọ Ni Mo Ti Kọ́kọ́ Rí Ògúndé

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo rí dáhùn lóṣù yìí. Ìdáhùn àkọ́kọ́ máa gùn díẹ̀, ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ló wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Ẹ̀yin àgbà kì í jẹ́ ká gbádùn lórí ọ̀rọ̀ sinimá ayé àtijọ́. Mo wá *Ayé*, ti olóògbé Hubert Ògúndé, lórí YouTube. Mo fi ààbọ̀ wákàtí wò ó. Àwòrán rẹ̀ ṣókùnkùn, ohùn rẹ̀ sì dà bí ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Ẹ dákun, kí lẹ rí níbẹ̀ tí ẹ fi ń pariwo rẹ̀ sí wa létí? — Ọmọ Òṣogbo, ẹni ọdún 24.

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o ò jẹ̀bi. Ohun tí o wò kì í ṣe *Ayé*, òjìji rẹ̀ ni. Lọ́dún 1979 tí fíìmù yẹn jáde, tí Ọlá Balógun darí rẹ̀, orí fíìmù gidi ni wọ́n yà á sí, ìyẹn téèpù gígùn tí àwòrán kéékèèké tò sí lára, tí 24 nínú wọn ń gba iwájú iná kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí iná ẹ̀rọ náà bá mọ́lẹ̀ dáadáa, tí aṣọ tí wọ́n ta sì funfun, àwọ̀ rẹ̀ á máa yọ bí aṣọ tuntun. Nígbà tó yá ni wọ́n dà á sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Wọ́n tún da kásẹ́ẹ̀tì sórí kásẹ́ẹ̀tì. Ẹnìkan wá mú èyí tó gbó jù nínú wọn, ó jù ú sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá fọ àdìrẹ títí tó fi di àkísà, tó wá pè ọ́ pé kí o wá wo bí aró ṣe dúdú tó.

O lè ní kí ló dé tí wọn ò tọ́jú èyí tó dáa. Àwọn tó ni fíìmù nígbà náà kì í fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á gbé e sínú ọkọ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun, wọ́n á máa gbé e láti ìlú dé ìlú, bí wọ́n ṣe ń gbé eré orí ìtàgé kiri tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù olè ló ń bà wọ́n, ẹ̀rù náà sì tọ́. *Ọ̀run Móoru* tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, ṣe ní 1982, àwọn olè dà á sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á nígboro, gbèsè sì bá ọkùnrin náà. Fíìmù tó jẹ́ pé ìtàn ọkùnrin tí gbájú-ẹ̀ gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ ni, àwọn gbájú-ẹ̀ ló tún wá jẹ èrè rẹ̀! Títí di òní, tí mo bá rántí, mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sunkún.

Ó dáa, jẹ́ kí n sọ bí èmi ṣe rí *Ayé* fún ọ.

Ìṣẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, ahunṣọ ni bàbá mi. Mo ń lọ bí ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ọkọ̀ kan tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lérí gba àdúgbò wa kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó ń kéde pé Ògúndé máa yọ lára aṣọ lálẹ́ ọjọ́ náà ní pápá ilé-ìwé kan. Bàbá mi ní òun ò lówó tí òun máa fi wo àjẹ́, pé èyí tó wà ládùúgbò tó òun-ún wò. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò bá a jiyàn. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó fà mí lọ́wọ́, a gba abẹ́ igi máńgòrò, a bọ́ sí ẹ̀yìn aṣọ.

Òpó igi méjì ni wọ́n ta aṣọ funfun náà mọ́. Àwọn tó sanwó jókòó síwájú, ẹ̀rọ sinimá wà láàárín wọn lórí tábìlì. Ìmọ́lẹ̀ kò kúkú mọ ẹni tó sanwó. Ó gba inú aṣọ kọjá, ó bá àwa náà níbi tí a wà. Gbogbo rẹ̀ la rí pátá, àti Ògúndé fúnra rẹ̀ tó ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá babaláwo, àti àwọn àjẹ́. Àmọ́ òdì la rí i. Ẹni tó bá gbé nǹkan fún ẹnìkejì, ọwọ́ òsì ló fi ń gbé e. Ẹni tó bá nawọ́ sí èèyàn, ọwọ́ òsì ló ń nà. Àwọn orúkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀, láti ọ̀tún ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń lọ sí òsì. Ọmọ ilé-kéwú ni mí, mo rò pé Lárúbáwá ni. Mo gbìyànjú láti kà á, n ò rí álífù kan níbẹ̀, mo ní bóyá ti àwọn àlùfáà àgbà ni.

Bí mo ṣe jí lọ́jọ́ kejì, mo bi ìyá mi léèrè pé kí ló dé tí wọ́n ń nà mí tí mo bá fi ọwọ́ òsì gba nǹkan, nígbà tó jẹ́ pé babaláwo ńlá ń fi tirẹ̀ gba. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Bàbá mi na ẹ̀gbọ́n mi nítorí pé ó gbé mi jáde lóru. Ẹ̀gbọ́n mi wá na èmi nítorí òfófó.

Nígbà tí wọ́n gbé *Jáíyésinmi* dé lẹ́yìn náà, owó Iléyá mi ni mo fi san owó iwájú. Mo fẹ́ mọ ọwọ́ tí Ògúndé ń lò gan-an! Tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ róòlù, wọ́n á tan iná, àwọn ọmọge á gbé gúgúrú-ẹ̀pà kiri, àwọn ọkùnrin á máa jiyàn lórí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Iná á tún kú, jẹnẹrétọ̀ á máa dún lẹ́yìn ilé-ìwé. Èéfín sìgá àwọn èèyàn á wá máa rìn nínú ìlà ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ẹnu ẹ̀rọ náà jáde, á máa yí, á máa ká, bí òwú tí wọ́n ń gbọ̀n sílẹ̀ lára kẹ̀kẹ́. Mo gbórí sókè, èéfín yẹn ni mò ń wò, ìtàn ti fi mí sílẹ̀ lọ. Ohun tó dá mi padà ni ohùn àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn mi. Ògúndé ti bẹ̀rẹ̀ ọfọ̀, gbogbo ibi tó bá ti dá ẹnu dúró, wọ́n ń dá a lóhùn pé “Àṣẹ!” Wọn ò pa á láṣẹ fún wọn o. Obìnrin kan tiẹ̀ tú ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé e síwájú, ó fi ìró bo orí rẹ̀ kí ojú àjẹ́ má baà rí i.

Òun ni mo rí níbẹ̀, ọmọ mi. Tí o bá fẹ́ tún *Ayé* wò, má wò ó lórí fóònù. Yá ẹ̀rọ sinimá kékeré lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ta aṣọ ìbora funfun sí ẹ̀yìnkùlé, kí o pe àwọn àgbà àdúgbò. Jókòó sáàárín wọn, kí o máa wo ojú wọn. Tí àwọn ọmọdé bá lọ dúró sẹ́yìn aṣọ, má lé wọn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo fẹ́ràn kí n máa jáde lọ wo fíìmù, ṣùgbọ́n ọkọ mi ní ìnákúnàá ni kí èèyàn wọ mọ́tò, kó sanwó ilé sinimá, kó tún ra gúgúrú olówó gọbọi, nígbà tí fíìmù kan náà ń bọ̀ wá bá wa lórí fóònù. Kí ni kí n sọ fún un? — Ìyàwó Ilé, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ẹ kú ilé, àbúrò mi. Ọkọ yín ò purọ́. Ọ̀pọ̀ fíìmù tó bá kúrò ní ilé sinimá, tí oṣù mélòó kan bá ti gorí rẹ̀, orí fóònù ló ń bọ̀. Ti gúgúrú yẹn ni mi ò tilẹ̀ lè gbèjà. Èmi máa ń ra gúgúrú àti ẹ̀pà tèmi láti Gbági níbi tí mo ti ń ta aṣọ òkè, n ó wé e sínú gèlè, n ó ti gèlè bọ inú báàgì. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin tó ń yẹ báàgì wò lẹ́nu ọ̀nà tú gèlè náà, ẹ̀pà dà sílẹ̀ wàràwàrà. Ó wò mí, mo wò ó. Ó ní, “Màmá, ẹ tètè wọlé.” Ọlọ́run á fún un lọ́kọ rere.

Ẹ bi ọkọ yín bóyá ó wo *Ayinla*, tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 2021. Ọ̀rọ̀ Àyìnlá Ọmọwúrà yín ni, olórin àpàlà, Lateef Adédiméjì ló sì ṣe é. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta léèsì la jọ lọ wò ó n'Íbàdàn, lọ́sàn-án Ọjọ́rú tí ọjà dákẹ́. Bàbá kan jókòó níwájú wa, ó dé fìlà abetí-ajá. Bí wọ́n ṣe gbé orin àkọ́kọ́, bàbá gbà á lẹ́nu wọn. Kì í ṣe kíkùn sínú o, ó ń kọ ọ́ síta ni, ó ń fi ọwọ́ lu apá àga. Òṣìṣẹ́ kan gbé tọ́ọ̀ṣì wá pé kí bàbá rọra. Gbogbo ìlà wa pariwo lé e lórí pé kó fi bàbá sílẹ̀. Nígbà tí a fi dé àárín fíìmù, èrò tó ń gbè é ti ju ogún lọ.

Gbogbo wa la kúkú mọ bí ó ṣe máa parí. Ọjọ́ 6, oṣù karùn-ún, ọdún 1980, ìjà nílé ọtí, kọ́ọ̀pù ọtí lórí. Kò sí àgbà tí kò mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀, obìnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Àyìnlá, má lọ!” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá onífìlà ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, *Aníkúlápó* ti Kúnlé Afọláyan dé sórí Netflix. Ilé ni mo ti wò ó, lórí fóònù ọmọ mi. Fíìmù náà dùn. Ahunṣọ ni Ṣàrò inú rẹ̀, ọmọ ahunṣọ ni èmi náà, ọ̀rọ̀ kún mi lẹ́nu bámúbámú. Ológbò nìkan ló wà níbẹ̀ tí n bá sọ ọ́ fún, òun náà sì dìde.

Ẹ má sọ nǹkan kan fún ọkọ yín. Ẹ mú un lọ ni. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, nítorí àwọn ilé sinimá kan máa ń dín owó kù lọ́jọ́ iṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ yan fíìmù náà, kí ẹ má sì jókòó sí iwájú pátápátá. Tí ọrùn bá dùn ún, ẹ̀bi yín ni ó máa jẹ́ títí ọdún á fi parí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án àti méjìlá ni àwọn tèmi, Lọ́ńdọ̀nù níbí ni mo bí wọn sí. Wọ́n ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀. Fíìmù wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? — Ìyá Ẹ̀jìrẹ́, Peckham.

Ìdáhùn: *Saworoidẹ*. Túndé Kèlání náà ni, 1999, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́. Ìlú Jógbo, ọba Lápitẹ́ tó fẹ́ dé adé láìjẹ́ kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún òun, ìlù tó ní saworo idẹ lára: àwọn ọmọ á tẹ̀ lé e, torí ìtàn náà dà bí àlọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fetí sí Bàbá Ọ̀pálábá, tí Adébáyọ̀ Fálétí ṣe. Wọn ò ní gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ má dá fíìmù dúró láti túmọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bi yín.

Ẹ fi *Ó Le Kú* (1997) sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ Àjàní àti àwọn obìnrin rẹ̀ kò tíì kan ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín ẹ tún un wò, ẹ wo ìmúra wọn. Lẹ́yìn tí fíìmù yẹn jáde, gbogbo ọmọge ló ń rán ìró kúkurú àti bùbá tí wọ́n sọ ní “olékú”. Wọ́n ń ra ìwọ̀nba aṣọ, torí ìró ti gé dé orúnkún. Àwa tí a ń ta aṣọ ò bá Túndé Kèlání yan odì, ṣùgbọ́n a kíyè sí i.

Ìbéèrè: Màmá, ẹ bá wa dá sí i. Ọ̀rẹ́ mi ní *Ayé* ni fíìmù Yorùbá àkọ́kọ́. Mo ní *Àjàní Ògún* ni. Iyán àti ẹran ìgbẹ́ la fi ta á. — Alátakò, Adó-Èkìtì.

Ìdáhùn: Ìwọ lo jẹ. 1976 ni *Àjàní Ògún* jáde, Adéyẹmí Afọláyan, Adé Love, bàbá Kúnlé tí mo dárúkọ lókè yìí, ló ṣe Àjàní. *Ayé* fi ọdún mẹ́ta kẹ́yìn rẹ̀. Ọlá Balógun ló darí méjèèjì, bóyá ibẹ̀ ló ti da ọ̀rẹ́ rẹ lójú rú. Tí ó bá tún gbé tuntun dé, bi í léèrè ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi sinimá han èrò ní ilẹ̀ wa. Gbọ̀ngàn Glover l'Ékòó ni, oṣù kẹjọ ọdún 1903. Fi ìyẹn gba ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kún iyán rẹ.

Ẹran ìgbẹ́ wo lẹ tilẹ̀ ní? Tó bá jẹ́ ọ̀yà, ẹ bá mi gé itan kan sọ́tọ̀.