Ṣé agídí ni, àbí ìwé oúnjẹ ni kò bá ilé wa mu?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni dókítà ti sọ pé bàbá àwọn ọmọ mi ní àtọ̀gbẹ. Wọ́n fún wọn níwèé oúnjẹ, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n fi tẹ̀ lé e. Ìkòkò tiwọn lọ́tọ̀ ni mo ń dá. Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láìfẹnu kan nǹkan. Bí wọ́n bá dé lálẹ́, wọ́n á ní òkèlè àlìkámà kì í ṣe ṣúgà, wọ́n á jẹ ẹ́ yó bámúbámú. Ṣé agídí ni? — Ìyá Ṣadé, Nyanya, Abuja.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú o, Ìyá Ṣadé. Kì í ṣe agídí. Ẹni tí ebi ti ń pa láti ìdájí, ó ṣòro kó jẹun níwọ̀n lálẹ́.

Lóòótọ́ àlìkámà kò dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n nínú gíráàmù 100 ìyẹ̀fun rẹ̀, èròjà afáralókun lé ní gíráàmù 70. Inú ara ló ti ń di ṣúgà, bíi ti àmàlà àti túwó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú náà kò yàtọ̀. Òkèlè yòówù kí wọ́n jẹ, kó má ju ìkúùkù ọwọ́ wọn kan lọ. Ẹ̀fọ́ tí epo rẹ̀ kò pọ̀ ni kó gba ìdajì àwo. Ewé zogale (ewé moringa) bíbọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà dára fún un. Ẹja, ẹran tàbí ẹ̀wà á gba ìdá mẹ́rin kan, òkèlè á gba èyí tó kù. Ẹ̀fọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ bù, torí bí òkèlè bá ti ṣáájú, kì í sí àyè fún ẹ̀fọ́ mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ nínú ìkòkò lọ́tọ̀. Ó ń náni lówó, ta ló sì fẹ́ máa jẹ oúnjẹ aláìsàn lójú ọmọ rẹ̀? Oúnjẹ tí a kà sílẹ̀ yìí, gbogbo ilé ló lè jẹ ẹ́.

Ní ti ìdájí, ẹ se mọ́ín-mọ́ín lálẹ́, kí wọ́n gbé méjì dání pẹ̀lú kùkúḿbà. Ẹ wo oògùn wọn dáadáa. Bó bá jẹ́ glibenclamide tàbí glimepiride, ó léwu láti lò ó láìjẹun. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ kọjá 70 mg/dL: ara á máa gbọ̀n, òógùn á bò wọ́n, ebi òjijì á dé. Kóró ṣúgà 3 tàbí 4, tàbí ìdajì ife mínírà tó ní ṣúgà, ni kí wọ́n lò, kí wọ́n tún ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá tíì tó 70, kí wọ́n tún un lò. Bí wọn kò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má rọ ohunkóhun sí wọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé wọn lọ.

Ní ti àríyànjiyàn àlìkámà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ìwọn-ṣúgà parí rẹ̀. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó jẹun, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n ní wákàtí méjì lẹ́yìn òkèlè àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kan, kí wọ́n jẹ ẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ìkúùkù kan pẹ̀lú ẹ̀fọ́. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ó yẹ kí ti wákàtí méjì yẹn wà lábẹ́ 180. Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà náà sẹ́yìn ìwé oúnjẹ yẹn, ẹ to gbogbo oúnjẹ tí ẹ máa ń sè lọ́sẹ̀ kan sí i, kí ẹ gbé e padà fún onímọ̀ oúnjẹ tó kọ ọ́, kó fi oúnjẹ ilé yín tún un kọ. Oògùn ní tirẹ̀, dókítà nìkan ni kó dín in tàbí kó fi kún un.