Báwo ni sẹ́ẹ̀lì epithelial, ìyẹn irú sẹ́ẹ̀lì tó bo ojú ara àti inú ìfun, ṣe ń mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀?

Ibi tó ti fara kan sẹ́ẹ̀lì ẹgbẹ́ ẹ̀ àti ibi tó ti fara kan basement membrane, ìyẹn awọ tín-ínrín tó wà lábẹ́ ẹ̀, ló fi ń mọ̀ ọ́n, ojú tó kù tó kọ sí àlàfo ló máa ń di òkè.

Ẹ wo ìfun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àmàlà ní Bódìjà: òkè sẹ́ẹ̀lì ló ń fa ṣúgà wọlé látinú oúnjẹ, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ló ń tì í jáde lọ sínú ẹ̀jẹ̀, tí ojú méjèèjì bá dà pọ̀ iṣẹ́ yẹn ò lè ṣeé ṣe.

Purotéènì tó ń jẹ́ E-cadherin ló ń so àwọn sẹ́ẹ̀lì mọ́ra wọn, òmíràn tó ń jẹ́ integrin ń di laminin, ìyẹn purotéènì inú basement membrane, mú, látibẹ̀ làwọn purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì á ti pín ara wọn, Crumbs, Par-6 àti aPKC á gba òkè, Scribble, Dlg àti Lgl á gba ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀, wọ́n á sì máa lé ara wọn. Ibi tó dùn jù nìyí o: tí Lgl bá ṣèèṣì sún mọ́ òkè, aPKC á lẹ fọ́sífeètì, èròjà kékeré kan, mọ́ ọn, kò ní lè dúró síbẹ̀ mọ́. Lára àwa èèyàn, tight junction, ìyẹn ibi tí sẹ́ẹ̀lì méjì ti lẹ̀ mọ́ra pinpin, ló wà ní ààlà òkè àti ẹ̀gbẹ́ bí ọgbà.

Kì í ṣe gbogbo ibi ló rí báyìí ṣá. Nínú ìfun Drosophila, ìyẹn eṣinṣin èso, tó ti dàgbà, Par, Crumbs àti Scribble ò pọn dandan, integrin ló ṣe kókó níbẹ̀. Àwọn jíìnì par gan-an, tí orúkọ Par ti wá, inú aràn C. elegans ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí wọn, ní 1988.