Ta ni ó jà kí ẹ̀kọ́ àwòrán yíyà tó wọ ilé-ìwé wa?

Àìná Ọnàbólú ni, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, tí ó sì kú ní 1963. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló béèrè. Ó rò pé àwọn òyìnbó amúnisìn ló dédé gbé ẹ̀kọ́ náà wá. Kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n.

Ọnàbólú ló kọ́ ara rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀: àwòrán inú ìwé òyìnbó ló ń wò yà. Ní 1906 ó ya Ìyáàfin Spencer Savage sórí ìwé, àwọ̀ tí a fi omi pò ló sì lò. Irú iṣẹ́ yìí gba sùúrù gidi. Bí àwọ̀ bá ti mu wọ inú ìwé, pípa rẹ́ rẹ̀ ṣòro. Ibi tí a bá fẹ́ kó funfun, ṣe la ó fi ìwé sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní 1920 ó lọ kọ́ṣẹ́ ní London, ó tún dé Paris. Nígbà tó padà sí Èkó, ó ń kọ́ni láti ilé-ìwé kan dé òmíràn, ó sì ń rọ ìjọba pé kí wọ́n fi olùkọ́ kún un. Bẹ́ẹ̀ ni Kenneth Murray, olùkọ́ àwòrán kan tó jẹ́ òyìnbó, ṣe dé ní 1927.

Ẹ̀kọ́ inú kíláàsì nìkan ni ìdáhùn yìí wà fún o. Àwọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ ti ń kọ́ ọnà lọ́dọ̀ bàbá wọn tipẹ́tipẹ́, pẹ̀lú ọ̀bẹ ṣóńṣó lọ́wọ́.