Ṣé ìwé 30 ni ọmọ mi máa tò kó tó gba ẹ̀bùn láíbìrì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi wà ní ọdún kìíní ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Amẹ́ríkà. Láíbìrì wọn máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní tí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ bá dára jù lẹ́bùn. A máàkì ló gbà nínú tirẹ̀, àmọ́ wọ́n ní àfi kó to orúkọ ìwé 30 sẹ́yìn rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Àwọn tó ń sọ ọ́ kiri ti pọ̀ jù. Láíbìrì kì í ka ìwé bí ẹni ń ka owó ẹyọ. A máàkì yẹn náà, ti olùkọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí láíbìrì ń wò ni ọ̀nà tí ọmọ gbà rí ohun tó kọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń béèrè reflective essay mọ́ ọn: kó ṣàlàyé bó ṣe wá a, ibi tó ti ṣìnà, ohun tó rí tó sì pa tì, àti ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń bọ́ sílẹ̀. “Mo lo JSTOR, láíbìrì wa dára gan-an”: ìyìn nìyẹn fún láíbìrì àti JSTOR, ibi tí wọ́n kó àpilẹ̀kọ ìwádìí jọ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe àlàyé.

Ká ní ọmọ fẹ́ kọ nípa bí àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe ṣí kúrò ní Gúúsù Amẹ́ríkà lọ sí Chicago. Ó tẹ great migration, orúkọ tí wọ́n ń pe ìṣíkiri yẹn, àmọ́ ẹranko tó ń ṣí kiri ní Serengeti, ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, ló kún ojú kọ̀ǹpútà. Kó kọ ìyẹn sílẹ̀! Ó fi àmì àyọlò ká ọ̀rọ̀ méjèèjì mọ́, ó fi AND àti Chicago kún un, kó lè rí ibi tí méjèèjì ti jọ wà nìkan. Ó rí àpilẹ̀kọ kan tó bá a mu, ó wo àwọn subject, ìyẹn orúkọ kókó-ọ̀rọ̀ tí láíbìrì tò sábẹ́ rẹ̀, ó fi ìyẹn wá a lọ́tun. Ó wá kan lẹ́tà tí àwọn tó fẹ́ ṣí fúnra wọn kọ láàárín 1916 sí 1918, tí Journal of Negro History tẹ̀ jáde ní 1919. Bó bá ka lẹ́tà wọ̀nyẹn dáadáa, wọ́n sàn ju ìwé 20 tí kò ṣí wò lọ.

Bó bá jẹ́ ChatGPT ló bá a wá ìwé, ẹ sọ fún un kó ṣọ́ra: ó máa ń hun àkọlé tí kò sí láyé. Kó tẹ DOI kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà ìdánimọ̀ àpilẹ̀kọ tó ń fi 10 bẹ̀rẹ̀, sí doi.org. Èyí tí kò bá ṣí, kó wá àkọlé rẹ̀ ní láíbìrì. Bí kò bá sí níbẹ̀ náà, kó yọ ọ́ dànù.

Òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì kan yàtọ̀ sí ti èkejì, pàápàá lórí gígùn iṣẹ́ àti bóyá olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà sí i, nítorí náà mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò gbà á. Kó lọ bá òṣìṣẹ́ láíbìrì lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe nígbà tó bá ku ọ̀la, kó sì mú àkọsílẹ̀ ohun tó ti wá dání.