Fẹ́ǹsì àgbàlá kì í ṣe fẹ́ǹsì púùlù

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé kan ní Florida, púùlù sì wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Fẹ́ǹsì onípákó tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 yí àgbàlá ká, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn onígíláàsì pálọ̀ já sí ẹ̀bá omi tààrà. Ọmọ wa ò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ṣé fẹ́ǹsì yìí tó?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ilé tuntun. Kò tó o. Ọmọ aládùúgbò ni fẹ́ǹsì yẹn ń dí lọ́nà. Tiyín ti wà nínú ọgbà kó tó gbéra. Ìlẹ̀kùn pálọ̀ yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́.

Orí 515 nínú ìwé òfin Florida ló dá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Púùlù ilé gbígbé tí wọ́n kọ́ láti October 2000 gbọ́dọ̀ ní ọ̀kan, ó kéré tán, nínú nǹkan márùn-ún: ìdènà tó yí omi ká, ìbòrí ààbò tí wọ́n fọwọ́ sí, alámù lára gbogbo ìlẹ̀kùn àti fèrèsé tó já síbẹ̀, ìlẹ̀kùn tó ń pa ara rẹ̀ dé tó sì ń ti ara rẹ̀, tàbí alámù inú omi. Ògiri ilé lè jẹ́ apá kan ìdènà, bí kò bá ní ìlẹ̀kùn tàbí fèrèsé tó ṣí sí púùlù. Tiyín ní. Ọ̀kan ni òfin béèrè lóòótọ́, àmọ́ alámù kì í di ọmọ mú, ariwo ló ń pa. Fẹ́ǹsì ìhà mẹ́rin, tó yí púùlù nìkan ká, ni kí ẹ fi ṣáájú, kí alámù ìlẹ̀kùn tẹ̀ lé e.

Èyí tí wọ́n fi àwọ̀n ṣe ló rọrùn jù. Wọ́n á lu ihò sára kọnkéré, wọ́n á ki òpó bọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ bàtà 4 ni gíga tó kéré jù. Ẹ béèrè 5. Kó fi íńṣì 20 jìnnà sí omi, kí ọmọ tó bá gbà á kọjá má baà já sómi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ onírin, àlàfo àárín ọ̀pá kò gbọ́dọ̀ ju íńṣì 4 lọ. Ìsàlẹ̀ ńkọ́? Kí àlàfo abẹ́ rẹ̀ má ju íńṣì 2 lọ. Òjò Florida máa ń gbẹ́ yanrìn abẹ́ fẹ́ǹsì, nítorí náà ẹ máa wò ó.

Géètì ni fẹ́ǹsì púpọ̀ ti ń bàjẹ́. Ìta ni kó máa ṣí sí, kì í ṣe ìhà omi, torí ọmọ tó bá fara tì í á máa tì í pa ni. Ìhà omi ni ohun tí wọ́n fi ń ṣí i gbọ́dọ̀ wà, níbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè dé láti òkè tàbí láti inú àlàfo kankan. Ẹ ṣí i gbayawu, ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ tún ṣí i bí ìbú ọwọ́ kan, ẹ jù ú sílẹ̀. Bí ti àkọ́kọ́ bá tì tí ti èkejì ò tì, sípíríǹgì híǹjì ti rọ̀: géètì tó ti òkèèrè bọ̀ ń fi ipá rìn, èyí tó wà nítòsí ò ní ipá kankan. Ẹ fún un le. Bí ìkọ́ rẹ̀ ò bá bọ́ sí ojú ihò mọ́, ó lè jẹ́ pé òpó ti tẹ̀.

Ọjọ́ ìnáwó léwu gan-an. Ẹnìkan á fi kúlà ha géètì torí kí wọ́n lè gbé oúnjẹ kọjá, kúlà kan náà ni ọmọ á sì gùn. Àga, ìkòkò òdòdó, ẹ̀rọ púùlù, ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn fi ẹsẹ̀ bàtà 3 jìnnà sí fẹ́ǹsì.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ìlẹ̀kùn pálọ̀ máa ti ara rẹ̀, ibi ìṣí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju íńṣì 54 láti ilẹ̀ lọ. Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ pe ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé kíkọ́ ní ìlú yín. Òfin ìlú míì le ju ti ìpínlẹ̀ lọ.