Kì í ṣe káméra ló gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ mi, lẹ́tà ni

Àbúrò, fọkàn balẹ̀ ná. O ní kò tíì pé ọdún kan tó o pààsì tẹ́sìtì ní UK níbí, káméra yà ẹ́ níbi tó o ti ń sá máìlì 37 ní wákàtí kan lójú ọ̀nà tí kò gbọdọ̀ ju 30 lọ, o wá ń bèèrè bóyá wọ́n máa gba láísẹ́ǹsì ẹ. Ìyẹn nìkan kọ́, rárá. Eré àsápajù irú ẹ, pọ́ìntì 3, àmì ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń kọ sórí láísẹ́ǹsì, àti fáìnì £100 ni, ìyẹn gan-an tí wọn ò bá fi kọ́ọ̀sì nípa eré sísá lọ̀ ẹ́. Tí wọ́n bá fi lọ̀ ẹ́, jọ̀ọ́ gbà á kíá, torí ẹni tó bá ṣe é tán ò ní gba pọ́ìntì kankan, wọn kì í sì í fún èèyàn lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún 3.

Ibi tí àyà ti ń já mi fún ẹ ni ọdún 2 àkọ́kọ́ lẹ́yìn tẹ́sìtì. Àwọn tó ń sọ fún ẹ pé pọ́ìntì 12 ni wọ́n fi ń dá èèyàn dúró, wọn ò parọ́, àmọ́ ti àwọn tó ti pẹ́ lójú ọ̀nà nìyẹn. Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á, 6 ti tó, òfin ọdún 1995 ni, DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì, ò sì ní pè ẹ́ wá rojọ́, wọ́n á kàn fagi lé e ni. Fóònù tó o bá gbé sọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, 6 nìyẹn pẹ̀lú £200, kódà kó jẹ́ pé iná pupa lo dúró sí. Má sì rò pé o máa fa ẹjọ́ gùn títí ọdún 2 á fi pé o, ọjọ́ tó o ṣẹ̀ ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n dájọ́.

Tèmi rèé. Mi ò tíì lo ọdún kan pẹ̀lú láísẹ́ǹsì tí mo fi kó lọ sílé míì. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo yí àdírẹ́sì láísẹ́ǹsì mi padà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rò pé mo ti parí ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ìwé ọkọ̀, V5C yẹn, lọ́tọ̀ ló wà, tó o bá yí ọ̀kan, èkejì ò yí. Ni káméra bá yà mí, 36 ní 30, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó tàn. Àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé ọkọ̀ ni wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí, ilé tí mo ti kó kúrò nìyẹn. Lẹ́tà yẹn kì í ṣe fáìnì o, ìbéèrè ló wà nínú ẹ̀, pé ta ló wà nídìí ọkọ̀, ọjọ́ 28 sì lo ní láti fi dáhùn. Tó o bá dákẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ míì lo dá yẹn, MS90 ni wọ́n ń pè é, pọ́ìntì 6 gbáko. Ká ní mo dáhùn ni, bóyá kọ́ọ̀sì ni wọn ì bá fún mi!

Mo ti ibi iṣẹ́ dé ni mo bá lẹ́tà DVLA nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, pé wọ́n ti fagi lé láísẹ́ǹsì mi. Ìdúró ni mo ka á lẹ́ẹ̀mẹta, báàgì ṣì wà léjìká. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé àtijọ́, ọmọkùnrin tó ń gbébẹ̀ gbé nylon kan jáde, ó ní àwọn ti ń kó o pamọ́ fún mi. Lẹ́tà 5. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn wọn, mo tò wọ́n bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀ lé ara wọn, ìbéèrè, ìránnilétí, ti kọ́ọ̀tù, ìdájọ́, fáìnì.

Èyí tó wá dùn mí jù, tí ẹjọ́ bá ti kọjá lórí èèyàn tí ò gbọ́ rárá, ó lè lọ búra pé òun ò mọ̀, kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ọjọ́ 21 sígbà tó gbọ́ ni. Ojú ń tì mí, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni fún odidi oṣù kan. Ìgbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, ọjọ́ ti lọ.

Bí mo ṣe tún di akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn o, provisional, láísẹ́ǹsì akẹ́kọ̀ọ́, àmì L níwájú ọkọ̀, L lẹ́yìn, tẹ́sìtì méjèèjì, ti tíọ́rì àti ti wíwakọ̀, látìbẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi, tí láísẹ́ǹsì tiẹ̀ ti ju ọdún 3 lọ, ló ń jókòó tì mí, ẹ ò bá gbọ́ bó ṣe ń pariwo lé mi lórí tá a bá dé rọ́ńdábáòtù. Mo pààsì tán, pọ́ìntì 6 yẹn ò kúrò. Ọdún 3 ni wọ́n fi ń kà á mọ́ tuntun, ọdún 4 ló máa ń lò lórí láísẹ́ǹsì, ínṣọ́ránsì sì máa ń bèèrè ti ọdún 5 sẹ́yìn. Tí n bá tún kó 6 láàárín ọdún 3 náà, 12 ti pé, ó kéré tán oṣù 6 ni kọ́ọ̀tù máa ní mi ò gbọdọ̀ wakọ̀.

Ẹni tó ní kó o fi orúkọ ẹlòmíì dáhùn lẹ́tà ìbéèrè yẹn, pé òun ló wakọ̀, má dá a lóhùn jàre. Mínísítà kan, Chris Huhne, òun àti ìyàwó ẹ̀ àtijọ́ tó bá a gba pọ́ìntì, oṣù 8 lẹ́wọ̀n ni wọ́n dá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní 2013, torí pọ́ìntì 3.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ yẹn, ọjọ́ 14 ni wọ́n ní láti fi jẹ́ kó dé àdírẹ́sì ẹni tí ọkọ̀ wà lórúkọ ẹ̀. Torí náà lálẹ́ yìí, gbé V5C jáde, wo àdírẹ́sì tó wà lórí ẹ̀, kó o wá sọ fún wa ọjọ́ mélòó ló ti kọjá tí káméra ti yà ẹ́.