Ta Ló Ni Àdúrà Náà? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Àdúrà àti Ìjọba ní Amẹ́ríkà

Lẹ́tà márùn-ún la mú nínú èyí tí ẹ kọ sí wa. Mẹ́rin wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan láti ilé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mùsùlùmí ni wá, Houston la ń gbé. Olùkọ́ ọmọ mi, tó wà ní kíláàsì kẹta, máa ń ní kí gbogbo wọn di ara wọn lọ́wọ́ mú kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán, á sì gbàdúrà ní orúkọ Jésù. Ọmọ náà ní òun kàn máa ń dákẹ́ ni. Mi ò fẹ́ ìjà, mi ò sì fẹ́ kí olùkọ́ kórìíra ọmọ mi. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Houston

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ̀tọ́ yín lẹ ń béèrè. Bó bá jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni, olùkọ́ kò láṣẹ láti darí àdúrà fún kíláàsì, ì báà jẹ́ ní orúkọ Jésù, ì báà jẹ́ Fátíhà. Bó bá jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, òfin yìí kò dé ibẹ̀.

Àtúnṣe Àkọ́kọ́ sí Òfin Ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà, tó di òfin ní 1791, so nǹkan méjì pọ̀: ìjọba kò gbọdọ̀ gbé ẹ̀sìn kalẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ẹ̀sìn rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ nìkan ni apá àkọ́kọ́ yẹn dè nígbà náà. Ọdún 1947, nínú ẹjọ́ Everson, ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ó de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú, tó fi mọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ìpínlẹ̀ ń bójú tó. Ọdún 15 lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ kan àdúrà gan-an. Àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ní New York ti kọ àdúrà kan, ọ̀rọ̀ 22 péré lédè Gẹ̀ẹ́sì. Wọn ò dárúkọ Jésù, wọn ò dárúkọ ìjọ kankan, ọmọ tí kò bá sì fẹ́ kà á lè dákẹ́ tàbí kó jáde. Síbẹ̀, ní 1962, nínú ẹjọ́ Engel v. Vitale, adájọ́ mẹ́fà sí ẹyọ kan sọ pé kíkọ àdúrà fún aráàlú kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà fìdí lé: wọn ò tíì wo bóyá wọ́n fipá mú ọmọ kankan. Ẹni tó ni àdúrà ni wọ́n wò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹjọ́ Schempp fòpin sí kíka Bíbélì àti Àdúrà Olúwa láràárọ̀ gẹ́gẹ́ bí ètò ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ní 1992, nínú ẹjọ́ Lee v. Weisman, wọ́n fi kún un pé ọmọdé tó bá ń dákẹ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ tí gbogbo wọn ń gbàdúrà kò sí nínú òmìnira. Ojú ẹgbẹ́ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọmọ tiyín gan-an nìyẹn.

Bí ẹ ó ṣe gbà á rèé. Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, aago, ohun tí olùkọ́ sọ, àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹ bi ọmọ léèrè pẹ̀lẹ́tù, ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, torí ibi tí ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ rí olùkọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ rò pé oore ni àwọn ń ṣe, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Bí kò bá parí, ẹ kọ ìmeèlì sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ẹ má fi tẹlifóònù nìkan sọ ọ́, ìmeèlì ló ní ọjọ́ lára. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ béèrè: kí olùkọ́ má darí àdúrà mọ́ lákòókò iṣẹ́. Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gòkè lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà ẹkùn ilé ẹ̀kọ́ náà, lẹ́yìn ìyẹn ìpàdé gbangba ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Ìgbà yẹn ló kù kí agbẹjọ́rò wọ̀ ọ́. Ẹgbẹ́ bíi ACLU, tó ń gbèjà ẹ̀tọ́ aráàlú nílé ẹjọ́, kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe fún.

Ohun tó máa ń ba ẹjọ́ òbí jẹ́ ni pé kí ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ kankan gbàdúrà níbẹ̀. Ẹ ò lè béèrè ìyẹn. Ọmọ Kristẹni lè gbàdúrà sórí oúnjẹ rẹ̀, ọmọ tiyín lè sọ Bísímílà, ó sì lè kírun lákòókò ìsinmi rẹ̀. Kódà ilé ẹ̀kọ́ tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí lọ́dọọdún pé òun kò dí irú àdúrà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú kan ìdákẹ́jẹ́ tí wọ́n ń ṣe láràárọ̀ ní Texas kò lòdì sófin náà, torí kò sẹ́ni tó sọ ohun tí ọmọ máa fi ṣe fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Texas, ẹ tún ṣọ́ra fún ohun kan. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 2025 ní kí ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan dìbò bóyá wọ́n máa ya àkókò sọ́tọ̀ fún àdúrà àti kíka Bíbélì tàbí ìwé ẹ̀sìn mìíràn. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí ìwé kò sí nínú rẹ̀. Bí ìwé náà bá dé ọwọ́ yín, ẹ kà á délẹ̀ kí ẹ tó buwọ́ lù ú, nítorí gbólóhùn tí òbí fi ń jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti pẹjọ́ wà nínú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dá àdúrà padà sí ilé ẹ̀kọ́ ní 2022 nítorí akọ́nimọ̀ọ́gbá kan. Ṣé òótọ́ ni? — Bàbá kan, Chicago

ÌDÁHÙN: Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ Kennedy v. Bremerton lẹ ń sọ. Akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni, ní ìpínlẹ̀ Washington, tó máa ń kúnlẹ̀ gbàdúrà láàárín pápá lẹ́yìn ìdíje. Adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta dá a láre. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé, lójú wọn, àdúrà ara rẹ̀ ni, ní ìwọ̀nba àkókò tí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù lè fi wo fóònù tàbí kí ọ̀rẹ́ wọn. Àwọn adájọ́ mẹ́ta tó kù gbé fọ́tò sínú ìdájọ́ tiwọn láti fi hàn pé àwọn ọmọ ti yí i ká, a sì gbà pé àwọn ló rí i dáadáa: agbábọ́ọ̀lù tó ń wá kí wọ́n fi òun sínú ìdíje kò lè fojú kéré ibi tí ọ̀gá rẹ̀ kúnlẹ̀ sí. Síbẹ̀, ìdájọ́ 1962 ṣì dúró, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Santa Fe ní 2000, tó ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Texas kò gbọdọ̀ ṣètò àdúrà lórí makirofóònù níbi bọ́ọ̀lù, kódà bí akẹ́kọ̀ọ́ ló gbà á.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ará, Pásítọ̀ ni mí ní Maryland. Káńsù county (ìjọba ìbílẹ̀) wa ní kí n wá fi àdúrà ṣí ìpàdé wọn lóṣù tó ń bọ̀. Ọmọ ìjọ kan ní ó lòdì sófin, òmíràn ní n lè lọ ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ dárúkọ Jésù. Èwo ni kí n gbà?

ÌDÁHÙN: Pásítọ̀, ẹ má gba ìkankan nínú méjèèjì. Ìpàdé aṣòfin yàtọ̀ sí kíláàsì. Àgbàlagbà ló wà níbẹ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ lè jáde. Àṣà náà sì ti pẹ́: ní September 1789, ọjọ́ mẹ́ta péré kí Kóńgírẹ́ẹ̀sì tó parí ọ̀rọ̀ inú Àtúnṣe Àkọ́kọ́, wọ́n ti fọwọ́ sí owó àlùfáà tó ń gbàdúrà fún wọn. Èyí ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi ti ìdájọ́ lẹ́yìn nínú ẹjọ́ Marsh, láti Nebraska, ní 1983. Ní 2014, nínú ẹjọ́ ìlú Greece, New York, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin fi kún un pé káńsù kò gbọdọ̀ máa ṣàtúnṣe àdúrà fún àlùfáà. Ẹ lè dárúkọ Jésù, kò sófin tó ní kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ó ti ń dojú rú ni kí ẹ mọ̀. Bí àdúrà tí wọ́n ń gbà láti oṣù dé oṣù bá ń bú ẹlẹ́sìn mìíràn, tó ń fi iná ọ̀run dẹ́rù ba èèyàn, tàbí tó ń pe àwọn tó jókòó wá sínú ìgbàgbọ́, ó ti kúrò nínú ohun tí ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí. Bí ọmọ káńsù fúnra rẹ̀ bá ní kí gbogbo ilé dìde gbàdúrà, ewu wà níbẹ̀. Ohun tó pa Rowan County, North Carolina, nìyẹn ní 2017: àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ nìkan ló ń gbàdúrà, ti Kristẹni lọ́pọ̀ jùlọ, wọ́n sì ń ní kí àwọn èèyàn dìde dara pọ̀. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ẹkùn kẹrin ló dá wọn lẹ́bi, abẹ́ ẹkùn yẹn gan-an sì ni Maryland wà.

Nítorí náà, ẹ ní kí akọ̀wé káńsù kọ̀wé sí yín nípa bí wọ́n ṣe ń yan alufáà àti iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fún yín. Ìṣẹ́jú méjì tó, ìsọjí kọ́. Ẹ dojú àdúrà kọ àwọn ọmọ káńsù: ọgbọ́n, ìdájọ́ òdodo, ire àwọn ará county. Ẹ má ní kí ẹnikẹ́ni pa ojú dé tàbí na ọwọ́ sókè. Ẹ má dárúkọ olùdíje kankan, torí òfin owó orí ti 1954 de ìjọ tí kì í san owó orí lórí ọ̀rọ̀ ìbò. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìjọ yín bá wà níwájú káńsù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ gba ọjọ́ mìíràn.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní ògiri wà láàárín ẹ̀sìn àti ìjọba ní Amẹ́ríkà. Ṣé irú rẹ̀ wà ní Nàìjíríà? — Olùkọ́, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ọ̀rọ̀ "ògiri" kò sí nínú òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà pàápàá. Lẹ́tà tí Ààrẹ Thomas Jefferson kọ sí àwọn onítẹ̀bọmi ìlú Danbury ní Connecticut, ní January 1802, ló ti wá. Kristẹni làwọn tó kọ̀wé sí i. Ìjọ mìíràn ni ìpínlẹ̀ wọn ń tì lẹ́yìn, ara sì ń ni wọ́n. A fẹ́ kí ẹ rántí èyí nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀tá Ọlọ́run ló mọ ògiri náà.

Ní tiwa, abala 10 òfin ìpìlẹ̀ 1999 ní ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìjọba. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àjọ arìnrìn-àjò sí Mẹ́kà àti ti Jerúsálẹ́mù fi wà lábẹ́ òfin. Èyí tó wúlò fún ẹ̀yin olùkọ́ ni abala 38, ẹsẹ kejì: ẹ ò gbọdọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, tàbí wà níbi ìjọsìn, tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Bí ẹ bá ń gbàdúrà lórí ìlà láàárọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ tí òbí rẹ̀ kọ̀wé dúró sí ẹ̀gbẹ́, láìsí ìyà àti láìsí yẹ̀yẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú àtìlẹ́yìn o. Awo ni mí ní Florida. Pásítọ̀ àti rábì ni káńsù ìlú wa ń pè láti gbàdúrà. Ṣé àwa náà lè béèrè àyè? Ṣé wọ́n sì lè fòfin dí wa lọ́wọ́ ẹbọ?

ÌDÁHÙN: Àbọrú bọyè o. Ẹ lè béèrè. Ní 2019, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ẹkùn kọkànlá, tí Florida wà lábẹ́ rẹ̀, dá Brevard County lẹ́bi torí pé ohun tí ènìyàn gbà gbọ́ ni wọ́n fi ń yan ẹni tó máa gbàdúrà. Ẹ kọ̀wé sí akọ̀wé ìlú kí wọ́n fi orúkọ yín sínú ìwé àwọn tí wọ́n ń pè. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. "Àyè ti kún" yàtọ̀ sí "a ò mọ ẹ̀sìn yín". Bí wọ́n bá gbà, ìwúre ṣókí ni kí ẹ ṣe.

Ní ti ẹbọ, ìpínlẹ̀ yín gan-an ni ẹjọ́ náà ti wá. Ní 1987, ìjọ Lukumí Babalú Ayé, àwọn ọmọ Cuba tó ń sin Ọbalúayé àti àwọn òrìṣà wa, gba ilẹ̀ sí Hialeah láti kọ́ ilé ìjọsìn. Kíá ni káńsù pe ìpàdé pàjáwìrì, wọ́n sì ṣe òfin lóríṣiríṣi lòdì sí pípa ẹran fún ẹbọ. Àmọ́ òfin náà fi ọdẹ sílẹ̀, ó fi apẹja sílẹ̀, ó fi àwọn Júù tó ń pa ẹran nílànà ẹ̀sìn wọn sílẹ̀. Ẹran tí olórìṣà bá pa nìkan ló di ọ̀ràn. Ní June 1993, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé e. Àtúnṣe Àkọ́kọ́ kan náà tó ní kí ìjọba má kọ àdúrà fún ọmọ New York ló gba òrìṣà là níbẹ̀, èyí sì ni ìdí tí kò fi yẹ kí onífá kankan ní ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Ní Texas, nígbà tí ìlú Euless ní kí olórìṣà kan má pa ewúrẹ́ nínú ilé rẹ̀, òun náà jàre ní 2009, lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ náà.

Òfin tó de gbogbo ènìyàn ṣì de yín o: ti ìwà ìkà sí ẹranko, ti ìmọ́tótó, ti ariwo lóru. Ọ̀bẹ mímú ni kí ẹ lò, kí ẹran má jẹ̀rora. Ẹ má kó ẹran síbi tó há. Ibi tí ẹ̀sùn ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ni òkú ẹran tí wọ́n gbé sí oríta tàbí etí odò. Ẹ béèrè lọ́dọ̀ ọ́fíìsì ìdọ̀tí county yín bí wọ́n ṣe ń kó òkú ẹran, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì tí wọ́n bá fún yín.